Orúkọ Tuntun Lára Iṣẹ́ Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ra ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkómọjáde ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò rí ojú ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wọ inú rẹ̀ tí yóò tètè yé wa ju ọ̀nà orúkọ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí ọjà wọn kò tà mọ́, tí gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ohun tí aráyé ń pariwo rẹ̀ lásìkò náà, ìbáà ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI, wọ́n á sì fi í ṣe orúkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, owó ìpín wọn á ti fò sókè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lánàá náà ni wọ́n ń ṣe lónìí. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó ń jèrè níbẹ̀, àti ẹni tí ó ń san owó èrè náà, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó tàbí ti òyìnbó nìkan ni. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà, owó tí ìyá aláṣọ kó jọ nínú àjọ, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, gbogbo rẹ̀ ni fóònù ti mú sún mọ́ ọjà ìpín lónìí. Ọmọ tí ó jókòó sí abẹ́ igi ní Ìkìrun lè fi ìka kan ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ra ohun tí kò lè fi ojú rí, ó yẹ kí ó mọ ohun tí orúkọ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà sí Òkukù, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí, n kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, òyìnbó tí ó gbé láàrin àwọn ará Òkukù ní àwọn ọdún 1970, kọ ìwé ńlá kan lórí oríkì ìlú náà. Ìwé ọ̀hún jáde ní 1991. Ohun kan wà tí ó ṣàkíyèsí níbẹ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu rẹ́gí. Ó rí i pé oríkì kì í kàn ń ròyìn pé ènìyàn ti di ńlá. Oríkì náà wà lára ohun tí ń sọ ọ́ di ńlá. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin kan bá ní aya, ọmọ, ìwọ̀fà àti àwọn tí ń wọ́ tẹ̀lé e, òkìkí rẹ̀ á kàn. Bí òkìkí bá ti kàn, àwọn mìíràn á tún wá sá di í. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kì í ń pọ̀ sí i. Orúkọ ń fa èrò, èrò ń gbé orúkọ ga. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà ìpín ṣe ń ṣe. Àmọ́ ṣá o, ọlọ́lá Òkukù tí à ń sọ yìí ní oko. Bí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bá jí tí ebi ń pa wọ́n, tí kò sí iṣu nínú abà, wọ́n mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn. Òkìkí rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí wọ́n ti lè yẹ nǹkan wò yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Òṣogbo tí ó dorí kọ ọ̀nà Ọ̀fà, yóò kan Ìkìrun, yóò kan Ìnísà, kí ó tó dé Òkukù. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà yìí tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ láti ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Pátákó rẹ̀ nígbà náà ni pé níbẹ̀ ni a ti ń tẹ lẹ́tà. Nígbà tí GSM wọ ilẹ̀ wa ní 2001, pátákó yí padà, ó di ilé ìpè. Nígbà tí ó yá, ó di ilé íntánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, lẹ́tà A àti I ni ó tóbi jù lára pátákó náà, tí a kùn ní pupa. Baálé ilé kan náà ni ó ni ín, orí àga onígi kan náà ni ó sì jókòó lé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì yóò wọlé, yóò rí ẹ̀rọ, yóò san owó, yóò gba ìwé rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá sí, yóò jáde. Oníbàárà ń ra iṣẹ́, kò ra pátákó. Ẹni tí ń ra ìpín ní ọ̀nà jíjìn ni ó wà nínú ewu pé pátákó ni yóò rà.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ìpín kò tíì yé dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan tí a mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ènìyàn 10 ní Ìkìrun dá 100,000 náírà wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi mílíọ̀nù kan náírà náà ra ẹ̀rọ ìlọta. Olúkúlùkù wọn ní ìpín kan. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, owó ń wọlé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ìpín tirẹ̀ lè tà á ní 120,000. Nígbà tí ó yá, epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ẹlòmíràn gbé ẹ̀rọ mẹ́ta wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, èrè gbẹ. Ìpín wá di ohun tí à ń bẹ ènìyàn kí ó rà ní 30,000. Ni wọ́n bá ṣèpàdé lọ́jọ́ kan, wọ́n yí pátákó padà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ilé-Iṣẹ́ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Ìkìrun. Ẹnì kan ní Èkó, tí kò dé Ìkìrun rí, gbọ́ orúkọ náà, ó ra ìpín kan ní 60,000. Ẹlòmíràn gbọ́ pé ó ti di 60,000, ó rà á ní 90,000. Ata ni ẹ̀rọ ń lọ̀ ní gbogbo àkókò yìí.

Ta ni ó jèrè? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà. Kọ́bọ̀ kan nínú owó àwọn ará Èkó yẹn kò wọ àpò rẹ̀. Ẹni tí ó ta ìpín rẹ̀ nígbà tí ariwo pọ̀ ni ó gbé owó lọ, ẹni tí ó rà á gbẹ̀yìn ni yóò sì dúró ti ẹ̀rọ ata. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ fi lè rí nínú owó náà ni pé kí ó tẹ ìpín tuntun jáde. Bí ó bá fẹ́ kó 450,000 jọ nígbà tí ìpín wà ní 30,000, ìpín 15 ni yóò tà, àwọn 10 àkọ́kọ́ yóò sì di ọmọ ẹ̀yìn nínú ilé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ìpín wà ní 90,000 ni, 5 péré ti tó. Nítorí náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ìṣòro fi máa ń fẹ́ kí owó ìpín gòkè kíákíá, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ fún oṣù kan. Àwọn ọ̀gá náà fúnra wọn sì sábà máa ń ní ìpín púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni eléyìí tí ó hàn gbangba jù ti ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Long Island Iced Tea. Tíì tútù inú ìgò ni ó ń tà. Ọjà náà kò mú èrè wá, àwọn alábòójútó ọjà ìpín Nasdaq sì ti kìlọ̀ fún un ní 2017 pé iye rẹ̀ ti kéré ju ohun tí àwọn lè gbà láàyè lọ. Ọdún náà gan-an ni owó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní bitcoin ń gun òkè àjà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni blockchain, èyíinì ni ìwé ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo má baà lè yí i padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2017, ilé-iṣẹ́ tíì yìí kéde pé láti ìsinsìnyí lọ, Long Blockchain ni àwọn yóò máa jẹ́. Kò ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó fi ń ṣe blockchain. Tíì ṣì ni ó ń tà. Ìpín rẹ̀ tí ó wà ní nǹkan bí dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 44 ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, parí ọjọ́ náà ní dọ́là 6 àti sẹ́ǹtì 91. Láàrin ọ̀sán, ó tilẹ̀ ti kọjá ibẹ̀ dáadáa kí ó tó rọ̀ wálẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 2018, ó ní òun yóò ra ẹ̀rọ 1,000 tí a fi ń wa bitcoin. Kò pẹ́ tí ó fi ní òun kò rà á mọ́. Láàrin 2018 náà ni Nasdaq lé e jáde kúrò nínú ọjà. Ní oṣù Kejì 2021, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà fagi lé ìforúkọsílẹ̀ ìpín rẹ̀ pátápátá. Oṣù Keje ọdún kan náà ni wọ́n wá pe àwọn ọkùnrin mẹ́ta lẹ́jọ́ pé wọ́n fi àṣírí ṣòwò. Wọ́n ní ẹnì kan nínú wọn ti gbọ́ pé a ó yí orúkọ padà kí a tó kéde rẹ̀. Ó ra ìpín 35,000, ó sì tà á láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde, ó jèrè ohun tí ó lé ní 160,000 dọ́là. Ẹ rí i bí ìṣirò ẹ̀rọ ata wa ṣe ṣẹ. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí pátákó yóò yí padà ni ó jẹun.

Kodak náà ṣe irú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí orúkọ ara rẹ̀ padà. Ta ni kò mọ Kodak nínú àwọn òbí wa? Láti Ìkìrun dé Òkukù, kò sí ilé tí kò ní fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú baba tí a tẹ̀ sórí bébà Kodak. Nígbà tí ayé fi fíìmù sílẹ̀, Kodak ṣubú, ó sì wọ ilé-ẹjọ́ onígbèsè ní oṣù Kìíní 2012. Ó jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2018, ó kéde pé orúkọ òun yóò wà lára owó orí kọ̀ǹpútà kan fún àwọn ayàwòrán, KodakCoin. Ìpín tí ó ń lọ ní dọ́là 3 àti díẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láàrin ọjọ́ méjì. Kí ọdún náà tó parí, ó ti padà sí abẹ́ dọ́là 3. Ó dùn mí díẹ̀ láti kọ ọ́, nítorí orúkọ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ṣe báyìí.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ni ó ya òmùgọ̀. Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Burton Malkiel ti Princeton sọ nínú ìwé rẹ̀ kan pé ní nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí àwọn Rọ́ṣíà ti rán Sputnik lọ sí ojú ọ̀run ní 1957 tí gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ òfúrufú àti ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń gbé giramafóònù àti àwo orin kiri ojúlé. American Music Guild ni orúkọ rẹ̀. Kí ó tó ta ìpín fún ará ìta, ó yí orúkọ padà sí Space-Tone. Ìpín tí wọ́n tà ní dọ́là 2 di dọ́là 14 láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí ń gbé àwo kiri, tí ó wá di ará ojú ọ̀run.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Cooper, Dimitrov àti Rau, tilẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n kó ilé-iṣẹ́ 95 jọ tí ó fi dotcom kún orúkọ wọn láàrin 1998 àti 1999. Wọ́n rí i pé láàrin ọjọ́ 10 tí ó yí ìkéde ká, ìpín wọn fi nǹkan bí 74 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní tòótọ́ àti àwọn tí kò mọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé wà. Nígbà tí ọjà náà wá túká, tí ọ̀rọ̀ dotcom di ohun ìtìjú, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ kúrò lára orúkọ. Méjì nínú àwọn onímọ̀ náà, pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, tún padà lọ wò ó. Àwọn tí ó yọ ọ́ kúrò tún rí ìgòkè tí ó ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàrin ọgọ́ta ọjọ́ tí ó yí ìkéde náà ká. Wọ́n fi í sí i, owó gòkè. Wọ́n yọ ọ́, owó tún gòkè.

Kí ló fà á? Ohun tí mo sọ nípa Òkukù ni. Ẹni tí ó ra ìpín nígbà ariwo lè mọ̀ dájú pé tíì ni wọ́n ń tà. Ohun tí ó ń rò ni pé àwọn mìíràn yóò gbọ́ orúkọ náà, wọn yóò rà á ní owó tí ó ju tòun lọ. Ó ń ra èrò tí orúkọ yóò fà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ni èyí sì ń ṣiṣẹ́ lára wọn jù, nítorí ìpín wọn tí ó wà lọ́jà kò pọ̀. Bí ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan bá rọ́ dé lójijì, ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́wàá bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà níwájú ìyá olóbì kan. Obì kò pọ̀ sí i, owó rẹ̀ ni yóò pọ̀ sí i.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí àwọn tí ń yí orúkọ padà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń parọ́. Ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, Bioptix, sọ ara rẹ̀ di Riot Blockchain ní oṣù Kẹwàá 2017. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti fi oní-tíì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ra ẹ̀rọ ní tòótọ́, ó kọ́ ilé fún wọn, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ wíwa bitcoin. Ní ọjọ́ tí a kéde orúkọ, ojú kan náà ni òun àti oní-tíì ní.

Nílé wa ńkọ́? Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù tí mo mọ̀ ni ti Japaul. Iṣẹ́ orí omi fún àwọn elépo rọ̀bì ni Japaul Oil and Maritime Services ń ṣe, gbèsè sì ti dí i lọ́nà fún ọdún púpọ̀. Ìpín rẹ̀ wá sílẹ̀ títí ó fi di 20 kọ́bọ̀. Ní 2020, ọdún tí áúǹsì wúrà kan kọjá 2,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ náà di Japaul Gold and Ventures, ó ní òun ń lọ sí ìwakùsà. Kí oṣù Kìíní 2021 tó parí, ìpín 20 kọ́bọ̀ yẹn ti kọjá náírà kan. N kò sọ pé orúkọ nìkan ni ó ṣe é, n kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni parọ́. Ní àkókò yẹn, èlé tí ìjọba ń san lórí owó tí ó ń yá lọ́wọ́ ará ìlú ti kéré ju 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà owó ń wá ibi tí yóò sá sí. Gbogbo ọjà ìpín Nàìjíríà ni ó fi nǹkan bí ìdajì gòkè ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin orúkọ wúrà àti wúrà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, ní agbègbè Iléṣà, ilé-iṣẹ́ Thor Explorations wa ilẹ̀ Segilola. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lu ihò, tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n fi yá owó, kí wúrà àkọ́kọ́ tó jáde ní 2021. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, ohun tí a nílò láti yí orúkọ padà ni pé kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ìpàdé fọwọ́ sí i, kí àjọ CAC ní Àbújá sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gba ọ̀pọ̀ ọdún, èkejì kò gbà ju oṣù díẹ̀ lọ.

Àwọn òbí wa tí ó ti gbóná jẹ nínú ọjà yìí rí kò gbàgbé 2008. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ayé kì í ṣe kọ̀ǹpútà, báńkì ni. Ìjọba ti pàṣẹ ní 2004 pé báńkì gbọ́dọ̀ ní 25 bílíọ̀nù náírà, 89 sì di 25 nígbà tí 2005 parí. Fọ́ọ̀mù ìpín báńkì wọ ilé ìjọsìn, ó wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó wọ ọjà. Ìwọ̀n gbogbo ọjà ìpín dé 66,000 àti díẹ̀ ní oṣù Kẹta 2008; nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti wá sí nǹkan bí 20,000. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ìkìrun ṣì ní ìwé ẹ̀rí ìpín báńkì kan nínú àpótí, báńkì náà kò sí mọ́. Ó máa ń mú un jáde fún wa wò bí ẹni ń fi fìlà àtijọ́ hàn.

Èyí tí ó tún sún mọ́ wa ni ti CBEX ní 2025. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó yí orúkọ padà, n kò sì fẹ́ da wọn pọ̀. Wọn kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ìpín. Ṣùgbọ́n ìjẹ kan náà ni wọ́n fi dẹ ìwọ̀. Wọ́n ní AI ni ó ń bá àwọn ṣòwò, pé owó yóò di méjì láàrin 30 ọjọ́. Nígbà tí owó há ní oṣù Kẹrin, àwọn ènìyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wọ́n gbé àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ni AI náà ń rà tí ó sì ń tà, kò pọ̀ kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní oṣù Kẹta 2024, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà ìpín bu owó ìtanràn 400,000 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn méjì lórí, pé wọ́n sọ pé àwọn ń lo AI ní ọ̀nà tí wọn kò lò ó.

Ohun tí ó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé ní ọdún yìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin kan ní Ìnísà ránṣẹ́ pè mí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń kó owó jọ láti ra ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Èkó wá, ó sì fi ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ mèremère sílẹ̀ fún wọn: ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti wà tipẹ́ ti gba orúkọ tuntun, ìpín rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì láàrin oṣù mẹ́ta, kí wọ́n yára. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún mi ní àga. Ìyá alága ní, “Ọmọ mi, àwọn ni wọ́n rán ọ níwèé. Kí ni AI yìí ń tà?”

Mo sọ fún wọn pé ìbéèrè tí ẹ bi yẹn, mà, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú èyí tí ó ní àwòrán. Mo wá ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ náà jáde lórí fóònù, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ìpín rẹ̀ bá wà lọ́jà gbọ́dọ̀ gbé e síta. Ojú ewé tí mo kọ́kọ́ ṣí fún wọn ni ibi tí wọ́n ti kọ bí owó ṣe wọlé. Ọ̀dà ilé ni wọ́n tà, wọ́n sì gba owó háyà ilé ìkẹ́rùsí. Láti ibi orúkọ tuntun, òdo ni. Mo tún ṣí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n ná owó lé lórí, bóyá wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà ńlá, bóyá wọ́n ti gba àwọn onímọ̀ síṣẹ́. N kò rí i. Lẹ́yìn náà ni a wo iye ìpín tí àwọn ọ̀gá ní lọ́dún tí ó kọjá àti èyí tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Ó ti dín. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́, tí kò sọ̀rọ̀ látìgbà tí mo ti dé, wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà! Ilé ìkẹ́rùsí tí àwa fẹ́ rà, òun ni àwọn yẹn fi ń jẹun.”

Ìyá alága ká ìwé pẹlẹbẹ náà, ó fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní bí ọmọkùnrin yẹn bá padà wá, òun yóò ní kí ó mú ìṣirò ọdún méjì dání, kí ó sì jókòó kà á fún àwọn láti orí dé ìdí, ní Yorùbá. Títí tí mo fi ń kọ èyí ránṣẹ́ sí olóòtú, kò tíì padà wá.